T Ńlá Bàbá Mi

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni bàbá mi fi to lẹ́tà òjé tí wọ́n fi ń tẹ̀wé ní ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn The Lantern. Òun ló ń to orúkọ ìwé náà sí òkè ojú ewé kìíní, T ńlá ló sì máa ń kọ́kọ́ mú. Ó ní The wà lára orúkọ, àti pé ẹni tó bá fi lẹ́tà kékeré kọ ọ́ láàárín gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì ti bẹ́ orí ọmọ ọlọ́mọ.

"Ìwé ìròyìn tí kò bá ní The nínú orúkọ, ẹ fún un ní kékeré," ni ó máa ń wí. "Àmọ́ tiwa yìí, wọ́n bí i mọ́ ọn ni."

Ilé iṣẹ́ yẹn kan náà ni èmi náà wà báyìí. Mo wà lára àwọn tó ń fi bírò pupa tún ọ̀rọ̀ ṣe kí ó tó lọ sí ẹ̀rọ. Lóṣù tó kọjá, wọ́n lẹ òfin tuntun mọ́ ògiri: the kékeré fún gbogbo ìwé ìròyìn, títí kan tiwa. Òfin ọ̀lẹ! Bàbá gbọ́, inú bí i, ó sì kọ̀wé sí olóòtú láìsọ fún mi.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni lẹ́tà náà jáde, ni bàbá bá pè mí.

"Wọ́n ti sọ mí di wèrè," ni ó wí. "Mo ní kì í ṣe the Lantern, The Lantern ni. Wọ́n sọ T ńlá náà di kékeré, méjèèjì wá di ọ̀kan náà. Ẹni tó bá kà á yóò ní mo ti ń ṣarán. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Bá mi wá ẹni náà."

Ara mi gbóná bí iná. Àgbàlagbà tó fi ojú àti ẹ̀yìn ara rẹ̀ sin ilé iṣẹ́ yìí! N kò kan ilẹ̀kùn olóòtú kí n tó wọlé.

"Ṣé ẹ̀yin ò ní baba ni, sà? Ta ló fọwọ́ kan lẹ́tà bàbá mi?"

"Ẹ mú sùúrù, mà. Bó ṣe ti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tún un ṣe wá ni mo ṣe tẹ̀ ẹ́."

"Ẹ fún mi ní ìwé náà. Ẹni yòówù kó jẹ́, yóò fojú winá lónìí!"

Ó yọ ọ́ nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀. Ìlà pupa, àmì tó ń sọ lẹ́tà ńlá di kékeré, la T ńlá náà kọjá, ìrù ìlà náà sì ká sókè díẹ̀. Bàbá ló kọ́ mi bí a ṣe ń fà á, nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje. Kò sí ẹlòmíì tó ń fà á bẹ́ẹ̀ nílé iṣẹ́ wa.

Ogójì lẹ́tà òǹkàwé ni mo tún ṣe lọ́jọ́ tí tirẹ̀ dé ọwọ́ mi. N kò ka ọ̀kankan nínú wọn. T ni mò ń lé kiri.

Fóònù mi dún.

"Ọmọ mi, ṣé o ti rí i?"

"Mo ti rí i, bàbá."