Àmùrè Aríran

Oṣù mẹ́ta rèé tí Àjíṣafẹ́ ti fọwọ́ kan oúnjẹ Súmbọ̀ ìyàwó rẹ̀ gbẹ̀yìn, ìyẹn ló sì dun obìnrin náà jù. Ọkùnrin tó jẹ́ pé bó bá ti ibi tó ti ń lẹ táìlì l'Áyọ̀bọ̀ dé, ìdí ìkòkò ló ń kọ́kọ́ lọ, á máa ha ìrẹsì tó jóná jẹ, á ní, "Ìyàwó, o tún ti sun ún fún mi, o ṣé jàre." Ní báyìí, búrẹ́dì inú ọ̀rá nìkan ló ń jẹ. Kì í sùn mọ́. Á dúró lójú fèrèsé, á máa dá ohùn tí Súmbọ̀ ò gbọ́ lóhùn.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí ìjọ aláṣọ funfun wọn n'Íkòtún ṣe. Wọ́n ní Ẹ̀mí ló ń bá a sọ̀rọ̀, wọ́n de àmùrè aríran mọ́ ọn nídìí. Súmbọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń fọ àmùrè ọ̀hún, tó ń lọ̀ ọ́. Inú rẹ̀ tiẹ̀ ń dùn, àní ẹ ò rí nǹkan!

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, Àjíṣafẹ́ dìde, ó ní òun rí obìnrin kan tó ń bu májèlé sóúnjẹ ọkọ rẹ̀. Ìjọ pariwo Halelúyà. Súmbọ̀ náà ti lanu kó tó rí i pé òun lọkọ òun ń wò, tìbẹ̀rù-tìbẹ̀rù. Ẹ̀mí wo ló máa purọ́ mọ́ òun? Ibẹ̀ ló ti mọ̀ pé àìsàn ni. Wọ́n ní wèrè dùn-ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Ta ló ti ro ti ẹni tó fi í ṣe ọkọ?

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó ní, "Bàbá Pẹ̀lúmi, ẹ jẹ́ ká lọ gba oògùn oorun l'ọ́sibítù."

"Oorun ń wù mí, Súmbọ̀," ọkọ rẹ̀ dáhùn, ó sì tẹ̀ lé e.

N'Ígàndó, dókítà, ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ kan, bi í léèrè ohun tí ohùn náà ń sọ. Ó wá yíjú sí Súmbọ̀. "Ọpọlọ náà ń ṣàìsàn, Mà. Ìtọ́jú wà, ṣùgbọ́n ó máa gba àsìkò. Irú èèyàn wo ni wọ́n tẹ́lẹ̀?"

Háà. Súmbọ̀ ní ó máa ń súfèé nínú balùwẹ̀ débi pé àwọn aládùúgbò á máa bá a gbe orin. Ó ní tóun bá bínú, ó máa ń sín òun jẹ títí òun á fi rẹ́rìn-ín. Ó ń sọ, ó ń sunkún, kò lè dákẹ́.

Àjíṣafẹ́ tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa.

"Dókítà," ó ní, "ẹ bá wa wá ọkùnrin yẹn. Àárò rẹ̀ ń sọ èmi náà."