Bọ̀dá Délé Nísàlẹ̀ Igbá

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ forí ji ìkọ̀wé mi, ìwé mi kò pọ̀.

Mo bi Bọ̀dá Délé, ọmọ ọ̀gá mi, ohun tí ìṣirò rẹ̀ ń wá.

Ó ní, “Ibi tí ẹja ńlá àti kékeré kò ti ní pọ̀ sí i, tí wọn kò ní dín kù. Ṣé wọ́n fi ń fọ abọ́ ni?”

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wà ní pálọ̀ bú sẹ́rìn-ín.

Mo sùn, pálọ̀ di igbá ńlá. Àwọn ẹja dúró lójú kan, Bọ̀dá wà nísàlẹ̀ láàrin wọn. Bó bá gòkè, á yọ̀ padà síbẹ̀, mo sì ń da ọbẹ̀ ilá sọ́nà rẹ̀.

“Àǹtí mi, ẹ fà mí jáde!”

“Ẹ ti rí ibi tí ẹ ń wá, Bọ̀dá.”

Mo tún bu ilá, mo jí.

Láàárọ̀, mo gbé omi ìwẹ̀ rẹ̀ wá. N kò kúnlẹ̀, mo dúró kí i.