Ẹ̀dọ̀ Tí Nọ́ọ̀sì Ní Kí Mosúnmọ́lá Jẹ

Ká tètè sọ ọ́, kí ẹ má baà bínú sí Bámgbóyè ju bó ti yẹ lọ: kì í ṣe ọkùnrin burúkú. Tíṣà ni ní Adó, ó sì fẹ́ràn Mosúnmọ́lá ìyàwó rẹ̀ débi pé àwọn ará àdúgbò ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Lẹ́yìn ọmọ kejì, àwọn méjèèjì ló jọ lọ bá nọ́ọ̀sì fún ìfètò-sọ́mọ-bíbí. Mosúnmọ́lá ń lo hóró oògùn rẹ̀, kò pa ọjọ́ kan jẹ. Nígbà tó yá, àárẹ̀ wọlé. Igun ẹnu rẹ̀ ń là, àwọ̀ rẹ̀ ń ṣí, kò sì lè gún iyán tán kó tó jókòó sinmi. Wọ́n padà lọ bá nọ́ọ̀sì. Ó ní oògùn náà dára, àmọ́ ó lè dín àwọn fítámì kan kù lára àwọn obìnrin mìíràn, pàápàá ẹni tí kì í jẹun dáadáa.

“Ẹ̀dọ̀, ẹyin, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, ẹ máa jẹ wọ́n,” ló wí. “Bí ẹ bá sì fẹ́ bí òmíràn, ẹ kọ́kọ́ wá rí mi kí ẹ tó dá hóró yìí dúró.”

Láti ọjọ́ náà, bí Bámgbóyè bá ti ń ti ilé-ìwé bọ̀, á yà lọ́dọ̀ alápatà ní àdúgbò Fájuyì, á ra ẹ̀dọ̀ màlúù. Mosúnmọ́lá á sè é. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti wọ́, torí ìyá tó tọ́ ọ kọ́ ọ bí a ṣe ń bu oúnjẹ: ti baálé ṣáájú, ti àwọn ọmọ tẹ̀ lé e, ti ìyàwó gbẹ̀yìn. Á gbé èyí tó tóbi sínú ọbẹ̀ ọkọ, á gé ìyókù fún àwọn ọmọ, òun á wá fi omi ọbẹ̀ jẹ iyán tirẹ̀ ní kíṣìnnì.

Bámgbóyè rò pé ti ìyàwó òun wà ní kíṣìnnì. Kò dìde lọ wò ó. Ó ń jẹ ẹ̀dọ̀, ó sì ń yìn ín pé ọbẹ̀ náà dùn.

Lọ́dún 1998, ó ní òun fẹ́ ọmọ kan sí i. Mosúnmọ́lá dá oògùn dúró, kò lọ rí nọ́ọ̀sì. Ara rẹ̀ kò tíì bọ̀ sípò tí oyún fi dé. Nígbà tó pé oṣù méje, ó ṣubú ní ẹ̀yìnkùlé. Ní ọsibítù, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, wọ́n gba ẹ̀mí rẹ̀ là. Ọmọkùnrin tó bí kò ké. Wọ́n sin ín lọ́jọ́ náà.

Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ìyá ti lọ sílẹ̀ jù, pé kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé ohun kan ṣoṣo ló fà á. “Ṣé ó ń jẹun?”

“Mò ń ra ẹ̀dọ̀ fún un,” ni Bámgbóyè dáhùn. Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀. “Àbí o kì í jẹ ẹ́ ni?”

Mosúnmọ́lá wò ó bí ẹni tí wọ́n bi ní ọ̀rọ̀ ìtìjú. “Bàbá Ayọ̀mídé, kí lẹ̀yin á wá jẹ?”

Bámgbóyè sunkún níwájú dókítà, kò bìkítà ẹni tó ń wò ó.

Nígbà tí wọ́n dé ilé, òun ló dáná. Ó ní kí àwọn ọmọ bọ́ síta, ó gbé àwo iṣu àti ẹ̀dọ̀ lé ìyàwó rẹ̀ nítan.

“Usu rè é, ẹ̀dọ̀ rè é. Jẹ ẹ́ tán níṣojú mi.”

Mosúnmọ́lá mú ṣíbí. Wàrà ọmọ tí kò sí mọ́ ti rin bùbá rẹ̀. Ó gé ẹ̀dọ̀ náà sí méjì, bó ti mọ́ ọn lára, ó sì na èyí tó tóbi sí ọkọ rẹ̀.

Bámgbóyè di ọwọ́ náà mú, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó fi sí ẹnu ara rẹ̀.