Bóòtù Méjì Péré

Àpèkẹ́ fi ẹ̀yìn lélẹ̀ gbì! Kò tiẹ̀ ráyè ké. Òkè ló ń wò, níbi tí igi tó fi irin kọ́ ti já: ihò bóòtù méjì ṣófo, ìṣó tín-ín-rín kan ló rọ́pò wọn. Ẹ wo ìwà ìkà!

Okùn ni Àpèkẹ́ fi ń rọ̀ sára ilé gogoro láti nu gíláàsì. Aristide ọ̀gá wọn ló kọ́ wọn ní eré kan tí àwọn Faransé ń ṣe lórí àpáta: irin ẹlẹ́nu kọdọrọ méjì lèèyàn ń fi gùn ún, ọwọ́ kò gbọdọ̀ kan ògiri. Lọ́la ni Aristide máa mú ẹyọ ẹnì kan tí yóò bá a lọ sí ìdíje ní Faransé. Àpèkẹ́ fẹ́ kó jẹ́ òun, ó fẹ́ ẹ débi pé kì í sùn dáadáa mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló kan ògiri tirẹ̀ sẹ́yìn ilé ìdáná wọn ní àdúgbò Gbossimé. Pákó àpótí táwọn oníṣòwò aṣọ dà nù ní ọjà Adawlato ló ṣà jọ, alágbẹ̀dẹ kan ní Cacaveli ló bá a tẹ irin kọnkéré méjì lẹ́nu kọdọrọ. Bóòtù nìkan ló rà ní tuntun, torí bóòtù lẹ̀mí rẹ̀ so mọ́.

"Ta ló tú bóòtù mi?"

"Èmi ni, ìyàwó." Yọ̀mí ni, àbúrò ọkọ rẹ̀, tó ń nu alùpùpù. "Méjì péré. Nọ́ńbà alùpùpù mi ló ń mì. Àbí ìyàwó wa ti di alángbá ni?" Ó bú sẹ́rìn-ín.

Ọmọ tí Àpèkẹ́ fi ọdún mẹ́jọ jù lọ! Ṣùgbọ́n ó ti wà nílé kí wọ́n tó gbé Àpèkẹ́ wọlé, ọkọ rẹ̀ nìyẹn, ìyàwó kì í sì í pe ọkọ lórúkọ. "Akọ̀wé" ló ń pè é, ẹni tó sá ní iléèwé! Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá síbí mi padà. Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọ bàtà mi mọ́. Ẹ jọ̀ọ́ náà ti sú u.

"Akọ̀wé, ẹ tú u fún mi. Ọ̀la ni ìdánwò mi."

"Ça va, mo ti gbọ́, kí n dé ná." Ó ta alùpùpù nípàá.

"Yọ̀mí!"

Ìyá ọkọ rẹ̀, Màmá Mùjídátù, fi ìrẹsì tó ń ṣà sílẹ̀.

"Màámi, ẹ gbọ́ ohun tó pè mí?"

"Mo gbọ́. Èmi náà ni mo sọ ẹ́ lórúkọ ọ̀hún. Tí ọrùn ẹ̀ bá ṣẹ́ ńkọ́, ta ló máa kù tó máa pè ẹ́ ní Akọ̀wé? Tú nǹkan onínǹkan, jàre!"

Yọ̀mí tú u. Àpèkẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kò dúpẹ́, ó fún un mọ́ igi títí sípánà fi ké. Ó gbé irin rẹ̀ méjèèjì, ó fẹsẹ̀ ti mátíràsì tó ń ṣubú lé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Yọ̀mí ti ń yọ́ lọ.

"Níbo lò ń lọ, Yọ̀mí? Wá dúró sábẹ́ ibí. Tó bá tún já, orí ẹ ni mo máa balẹ̀ sí."