Omi Mímọ́ Inú Táǹkì Lẹ́tọ́ọ̀sì

Bí ẹ bá ní kí Bàbá Vaios súre fún ife kan, yóò súre fún tábìlì, àga, àti ológbò tó sùn sábẹ́ àga. Polixeni, tíṣà ọ̀dọ́ kan, mọ̀ bẹ́ẹ̀, torí àlùfáà yìí ló ṣe ìrìbọmi fún òun fúnra rẹ̀. Síbẹ̀, lọ́jọ́ tí wọ́n ń ṣí yàrá tí òun àti àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ti ń gbin lẹ́tọ́ọ̀sì, ewé tí wọ́n fi ń ṣe sàláàdì, sínú omi, láìsí erùpẹ̀ kankan, nílé-ìwé Paliomilos, abọ́ omi kékeré kan ló gbé kalẹ̀ fún àdúrà, ó sì yíjú síbòmíràn. Ibi tó ti ṣì í nìyẹn.

Àlùfáà ò tilẹ̀ rí abọ́. Táǹkì ńlá tí omi rẹ̀ ń hó ṣùṣù lábẹ́ àwọn páìpù ló rí. Ó ka àdúrà gígùn lé e lórí, ó ki àgbélébùú bọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì fi ìdì efinrin wọ́n omi náà sí gbogbo èèyàn lórí. Gbogbo wọn ṣe "Àmín." Polixeni náà ṣe àmín. Kí ni ì bá tún ṣe?

Ọ̀rọ̀ náà ì bá má le tó bẹ́ẹ̀, bí kì í bá ṣe ti Stergios, ọ̀gá ilé-ìwé, tí ojú rẹ̀ ò kúrò lára yàrá yẹn. Tẹníìsì orí tábìlì ló fẹ́ máa gbá níbẹ̀. Ó ti là á mọ́lẹ̀ níwájú àwọn tíṣà yòókù pé, "Polixeni, lọ́jọ́ àjọ̀dún Dimitrios Mímọ́, gbé abọ́ sàláàdì kan síwájú àwọn àlejò. Bí wọ́n bá jẹ ẹ́ tán, yàrá di tìẹ. Bí ewé kan bá ṣẹ́ kù, tábìlì tẹníìsì mi ń wọlé nìyẹn."

Àjọ̀dún ku ọ̀sẹ̀ méjì nígbà tí gbòǹgbò lẹ́tọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Omi ti bàjẹ́. Àfi kí wọ́n dà á nù kí wọ́n rọ tuntun. Polixeni bẹ̀rẹ̀ kó ṣí i sí gọ́tà ni igbe kan bá ta lẹ́yìn rẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi orí sọ táǹkì. Asimina, ìyàwó àlùfáà, ló dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Yéè! Omi mímọ́ lo fẹ́ dà sí gọ́tà, ọmọ yìí? Ibi tí eku ń gbé?"

"Ẹ má bínú, Ìyá. Ajílẹ̀ ló wà nínú ẹ̀, ó ti bàjẹ́ ni."

"Omi mímọ́ kì í bàjẹ́! Tèmi tó wà nílé ti lé lọ́dún mẹ́ta, ó ṣì mọ́ lóló."

"Tiyín ò ní lẹ́tọ́ọ̀sì nínú, Ìyá."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Lẹ́tọ́ọ̀sì ni kó o bá wí nígbà yẹn. Fi omi sílẹ̀."

Wọ́n gbé ẹjọ́ lọ bá àlùfáà. Ó ní omi mímọ́, mímu ni, bí kò bá ṣe mímu, ìdí igi ni wọ́n ń dà á sí, níbi tẹ́sẹ̀ ò ti ní tẹ̀ ẹ́. Kó lè fi hàn wọ́n pé kò sí wàhálà, ó bu ìwọ̀n ẹ̀kúnwọ́ kan, ó mu ún. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Ó lágbára," ló wí, ó sì wá ibi jókòó sí.

Ìdí igi ló wá kù. Asimina gbé fóònù. Kó tó di ọ̀sán, gbogbo ìyá àgbà abúlé ti tò sẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì àti agolo, wọ́n ń bu omi lọ fún òdòdó àti igi ọsàn wẹ́wẹ́ ẹ̀yìnkùlé wọn, títí táǹkì fi gbẹ. Polixeni sáré rọ omi tuntun, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì ki kọ́kọ́rọ́ sínú ìbọ̀sẹ̀, torí ó ti rí Bàbá Vaios lókèèrè tó ń bọ̀ pẹ̀lú efinrin.

Lẹ́tọ́ọ̀sì sọjí. Nígbà tí ọjọ́ àjọ̀dún pé, abọ́ sàláàdì ńlá kan wà láàárín tábìlì, ó tutù yọ̀yọ̀, òróró ólífì àti ọtí kíkan sì ń dán lára rẹ̀. Inú Polixeni ń dùn ṣìnkìn. Àwọn àlejò gbé fọ́ọ̀kì. Ni Asimina bá nawọ́ sókè.

"Ẹ dúró ná! Omi mímọ́ ni ewé yìí mu dàgbà. Inú òfìfo ni wọ́n sì fi ń gba omi mímọ́. Ta ni ò tíì jẹun láàárọ̀ yìí?"

Gbogbo wọn ló ti jẹun. Àlùfáà pàápàá ti jẹ páì wàràkàṣì méjì lẹ́yìn ìsìn. Wọ́n gbé fọ́ọ̀kì wọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Polixeni wo abọ́ náà. Gbogbo làálàá yìí, wọ́n fẹ́ fi ààwẹ̀ bà á jẹ́!

Ibẹ̀ ni Stergios ti wọlé, ó ń làágùn yọ̀bọ̀. Òun àti àna rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé tábìlì tẹníìsì kalẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni. Ó rí abọ́ tó kún dẹ́múdẹ́mú, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Háà, wọn ò jẹ ẹ́? Ó mà ṣe o, Polixeni." Ó nu ojú, ó fọwọ́ pa ikùn. "Ebi ń pa mí kú lọ. Láti àárọ̀ tí mo ti ń ru tábìlì kiri, mi ò tíì fi nǹkan kan kan ẹnu."

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Gbogbo orí yí sọ́dọ̀ rẹ̀.

"Ọlọ́run ti pèsè!" ni Asimina kígbe. Ó fà á jókòó, ó so aṣọ ìnuwọ́ mọ́ ọn lọ́rùn, ó sì ti abọ́ náà síwájú rẹ̀. "Ẹ jẹun, Ọ̀gá. Ẹ̀yin nìkan ló mọ́ láàárín wa."

"Èmi nìkan? Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀," ni Bàbá Vaios dáhùn. "A ò gbọdọ̀ dà á nù."

Ọ̀gá jẹ ẹ́. Ó jẹ títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi ń ro ó, àwọn ìyá àgbà sì ń gbé ewé tó bá bọ́ sílẹ̀ padà sínú abọ́ fún un. Nígbà tó ku ewé kan, ó gbé e sókè, ó wò ó, ó wo Polixeni. Ó mọ ohun tó fẹ́ gbé mì. Àlùfáà náà ń wò ó. Ó gbé e mì.

"Ó dùn, àbí kò dùn, Ọ̀gá?" ni Polixeni bi í.

"Iyọ̀ rẹ̀ ò tó," ni Stergios wí.

Polixeni rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Kí ọ̀gá tó rí ẹni bá a tú aṣọ ọrùn rẹ̀, àwọn ọmọ kíláàsì Polixeni ti gbé tábìlì tẹníìsì padà sínú ọkọ̀ tó gbé e wá.