Ọwọ́ Sàlíhù àti Apá Irin

Ẹ sún mọ́bí, ẹ̀yin èèyàn mi, kí n ròyìn ọwọ́ kan tó ń gbọ̀n fún yín. N ò ní kánjú o. Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ogójì ọdún ni Sàlíhù ti ń jó irin mọ́ irin ní Mushin. Ṣùgbọ́n ogbó kì í kanlẹ̀kùn kó tó wọlé. Láti ọdún tó kọjá ni ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti ń gbọ̀n bí ewé àgbàdo, tí ojú ibi tó bá jó wá ń rí gbágungbàgun. Bọ́lárìnwá, wẹ́dà bíi tirẹ̀ tó wà lódìkejì títì, a máa fi í ṣẹ̀fẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé irin lẹ̀ ń jó ni, àbí ẹ̀ ń kọ wàláà?"

Sàlíhù á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ń dùn ún. Géètì mọ́sálásí Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó ń bẹ nílẹ̀ tó fẹ́ jó. Ó sọ fún Àmúdàtù ìyàwó rẹ̀ pé bí géètì yìí kò bá gún, òun á ti ṣọ́ọ̀bù pa.

Àmúdàtù ní, "A kì í bínú orí ká fi fìlà dé ìbàdí. Ẹ jẹ́ kí Jameelah gbọ́."

Jameelah, ọmọ wọn, ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Yaba. Oṣù mẹ́ta ló fi ṣa mọ́tò tó ń yí wáípà ọkọ̀ àlòkù jọ pẹ̀lú irin inú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ti kú, ó sì tú ọ̀pá ìdarí méjì lára páàdì tí wọ́n fi ń ta géèmù. Ó wá kan apá irin kan tó ń lọ sọ́tùn-ún sósì, síwá sẹ́yìn, sókè sísàlẹ̀, tó tún ń yí ọrùn ọwọ́ bí èèyàn.

"Bàbá mi, ẹ jókòó. Bẹ́ ẹ bá ṣe ti ọ̀pá yìí ni apá náà máa ṣe. Mo ti sọ fún un kó má ka gbígbọ̀n ọwọ́ yín sí."

Sàlíhù tì í. Apá irin rọra sọ̀ kalẹ̀, wẹ́rẹ́, ó gbé igi ìjórin, irin tẹ́ẹ́rẹ́ ẹnu rẹ̀ tí iná fi ń jó, lé géètì. Ló bá lẹ̀ pẹ́kípẹ́kí, iná ò mú! Jameelah já a kúrò. Wọ́n tún un ṣe, ó tún lẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta, bákan náà.

Bọ́lárìnwá pariwo láti òdìkejì: "Ó ti fẹ́ géètì níyàwó! Ẹ má yà wọ́n o!"

Sàlíhù dìde, ó wo ẹnu igi ìjórin náà títí. Ló bá bú sẹ́rìn-ín.

"Jameelah, bó o bá fẹ́ ṣáná, ṣé o máa ń gbé ìṣáná lé páálí ni?"

"Rárá, sà. Mo máa ń fi ha á ni."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Irin náà, igi ìjórin la gbọ́dọ̀ fi ha á kíná tó mú. Ẹ̀rọ ẹ ń tẹ́ ẹ bí ìgbà téèyàn ń tẹ́ ọmọ sórí ẹní. Dá gbígbọ̀n mi padà fún mi!"

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀. Bíná bá ti mú, kó o wá gbà á lọ́wọ́ mi."

Jameelah tẹ kọ̀ǹpútà, ó sì fi bọ́tìnnì kan sábẹ́ àtàǹpàkò bàbá rẹ̀. Sàlíhù ti ọ̀pá. Ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n, apá irin náà gbọ̀n, igi ìjórin ha géètì, ṣàà! Iná mú. Ó tẹ bọ́tìnnì, apá náà ò gbọ̀n mọ́, ó ń lọ gbọọrọ. Nígbà tí wọ́n gbá èépá ojú ibi tó jó kúrò, ó tò bí ìpẹ́ ẹja.

Bọ́lárìnwá sọdá títì. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n tì í wò."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró digbí bí òkúta. Ó ti ọ̀pá, igi ìjórin bá lẹ̀ pẹ́kí.

Sàlíhù ní, "Má bínú, àbúrò. Ọwọ́ ẹ ò tíì gbó tó."

Àmúdàtù tó dúró tì wọ́n lọ́jọ́ náà ló sọ ọ́ fún mi. Ó rẹ́rìn-ín débi pé ẹ̀ẹ̀mẹta ló bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí kó tó lè parí rẹ̀.