Máńgòrò Tí Wọ́n Gbìn Lé Ìwọ́ Tàófíìk Lórí

Kò sí ohun tó ń kọjá lójú títì yẹn tí Ìyá Tàófíìk kì í rí. Ìdí igi máńgòrò iwájú ilé rẹ̀ ló ń gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sí, bó ṣe ń fẹsẹ̀ tẹ ẹ́ ló ń wo Ìgbó-Ọrà: ọlọ́kadà tó kó obìnrin méjì àti ewúrẹ́ kan bọ̀ láti Ìdèrè, táásì Lanlate tí àpò gàrí jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà bí ẹni tó sanwó ọkọ̀. Àwọn ẹyẹ ẹ̀gà wà lókè orí rẹ̀, wọ́n ń já imọ̀ ọ̀pẹ aládùúgbò wá kọ́lé sórí máńgòrò, ariwo wọn kì í jẹ́ kó gbọ́ rédíò. A máa bú wọn láràárọ̀. Bí wọ́n bá wá pa rọ́rọ́ fún ìṣẹ́jú kan, á gbójú sókè wá wọn.

Igi yìí kì í ṣe igi lásán. Ọjọ́ tí ìwọ́ Tàófíìk, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, já, Ìyá Búrẹ́mọ̀, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ló sin ín síwájú ilé, bí wọ́n ti ń ṣe nílé wọn. Bàbá ọmọ gbin máńgòrò lé e lórí. Igi ń ga, ọmọ ń ga, bàbá kú, igi so. Ọdún kẹta rèé tí Tàófíìk ti gba ọ̀nà aṣálẹ̀ lọ, ó ní láti Líbíà lòun ó ti bọ́ sí ìlú òyìnbó. Ó pè lẹ́ẹ̀mejì. Láti ìgbà náà, fóònù rẹ̀ ò lọ mọ́. Àwọn kan ní kí ìyá náà gbàgbé. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ló mọ̀. Láràárọ̀ ló ń wo igi, bí ewé bá tutù, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀ pé ọmọ òun ń mí níbi tó wà.

Àfi bí ìjọba ṣe ní àwọn ó fẹ títì. Inú àdúgbò dùn, ta ni eruku ò tíì sú? Wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sí igi náà, nínú ààwẹ̀ Ràmàdáánì ni katapílà sì dé. Ìyá Tàófíìk kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kàn jókòó ti ìdí igi, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì.

Akínladé, ọkùnrin tó ń wa katapílà, pa ẹ́ńjìnnì, ó sọ̀ kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ni."

"Mo mọ̀, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n bí o bá hú igi yìí, o hú ọmọ mi ni. Orí mi ni kó o gbà kọjá."

Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí, kò dìde. Nígbà tí oòrùn wá ń mú, ẹnì kan sáré lọ pe Ìyá Búrẹ́mọ̀. Ìyá yìí ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní kó má gbààwẹ̀ mọ́, ó ní ṣé àwọn ni yóò bá òun jíhìn ni. Kì í purọ́, òtítọ́ ẹnu rẹ̀ ti tú ìgbéyàwó méjì ká ládùúgbò. Ó fi ọ̀pá tilẹ̀ dé, ó dúró lórí ìyàwó àbúrò rẹ̀.

"Ìyàwó, ta ló sin ìwọ́ ọmọ yẹn?"

"Ẹ̀yin ni."

"Ṣé o tẹ̀ lé mi?"

"Rárá, yàrá ni mo wà."

"Ó dáa. Mi ò sin ín síbí. Ajá ń hú ilẹ̀ kiri nígbà náà, ẹ̀rù bà mí, mo gbé e lọ sí oko wa lọ́nà Tápà. Ìgbà tí ọkọ rẹ ti gbin igi tán, ojú tì mí láti sọ. Dìde, má jẹ́ kí oòrùn pa ọ́ nítorí máńgòrò."

Ìyá Tàófíìk wo àgbàlagbà náà. Ètè rẹ̀ gbẹ fún ààwẹ̀. Lóòótọ́, yàrá lòun wà lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n yàrá ọ̀hún ní fèrèsé. Ó rí obìnrin yìí tó ká ìró sókè, tó ń fi ọkọ́ gbẹ́ ilẹ̀ níbí gan-an, tó ń bẹ Ọlọ́run pé ibikíbi tí ọmọ náà bá rìn dé, kó dá a padà sílé. Ọ̀rọ̀ náà ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, kò gbàgbé ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀.

Àánú ìyá arúgbó náà ṣe é, omi bọ́ lójú rẹ̀. Bó bá ní irọ́ ni, ó ti wọ́ àgbà nílẹ̀ lójú èrò. Bó bá dákẹ́, igi lọ. Ó dìde, ó wọlé, ó mú ọkọ́ àti abọ́ jáde. Ó gbẹ́ ilẹ̀ láàrin gbòǹgbò méjì, ó bu erùpẹ̀ kún abọ́, ó fi gèlè rẹ̀ bò ó.

"Ó tó," ó sọ fún Akínladé. "Ẹ máa ṣiṣẹ́ yín."

Igi náà ò pẹ́ ṣubú. Àwọn ẹ̀gà fò gìrọ́gìrọ́ lọ sórí ọ̀pẹ aládùúgbò. Ìyá Búrẹ́mọ̀ jókòó sí ẹnu ọ̀nà, kò wo apá ibẹ̀.

"Kí lo fẹ́ fi erùpẹ̀ ṣe? Ṣebí mo ní kò sí níbẹ̀."

Ìyá Tàófíìk kúnlẹ̀ tì í, ó rọra sọ ọ́ sí i létí. "Mo rí yín lójú fèrèsé lọ́jọ́ náà."

Ìyá arúgbó fa ìborùn rẹ̀ bo ojú. "Kí Ọlọ́run dárí jì mí. Mi ò lè máa wò ọ́ kó o kú síbẹ̀."

Ìyá Tàófíìk gbé abọ́ erùpẹ̀ náà lé e lẹ́sẹ̀, ó sì nawọ́ dá kẹ̀kẹ́ Máruwá kan dúró.

"Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ sin ín sí oko ọ̀nà Tápà kí oòrùn tó wọ̀. Ẹ ò ní fi irọ́ ṣínu nítorí ọmọ mi."